Ọkọ̀ Tó Ń Dákẹ́ Níwájú Yìnyín

Obìnrin kan tó ń bọ̀ wálé láti Kánádà ni ọmọ mi fi àwọn ìwé kan rán sí mi. Mo lọ gbà wọ́n ní Ìwó Road, nítòsí ibi tí mọ́tò Ifẹ̀ ti ń gbéra. Obìnrin náà ti jókòó sínú mọ́tò. Ó na àpòòwé ńlá kan sí mi láti ojú fèrèsé.

"Bàbá, ọmọ yín ní kí ẹ mú ọ̀kan nínú ẹ̀. Ó ní kí ẹ má pẹ́ o."

Mọ́tò gbéra. Mo fi àpòòwé náà há abíyá, mo wọ takisí padà sí Bódìjà.

Ìwé mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà ọmọ mi. Ilé iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló tẹ̀ wọ́n. Iṣẹ́ wọn ni láti máa kó èèyàn lọ wo ilẹ̀ yìnyín ní Alásíkà, bí ọjọ́ méje lórí omi, lọ àti àbọ̀. Ọmọ mi kọ ọ́ pé òun àti ọkọ òun ni yóò san án. Tèmi ni pé kí n yan ọkọ̀ tó bá wù mí, kí n kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù tó wà lẹ́yìn ìwé náà, kí n sì fi í ránṣẹ́. Ó wá fi kún un nísàlẹ̀ pé: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé ẹ máa rò ó wò."

Ó mọ̀ mí. Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ nìyẹn. Òun náà ni mo sọ fún ìyá rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ ló ni ìrìn àjò yìí, kì í ṣe èmi. Ó ti lé ní ọdún méjì tó ti kú nígbà tí àwọn ìwé náà dé. Olùkọ́ jọ́gíráfì ni, ní ilé ẹ̀kọ́ girama àwọn obìnrin kan ní apá Ring Road. Lọ́dọọdún, bí àkókò bá tó, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kan lórí odò yìnyín. Ó ní odò ni lóòótọ́, àmọ́ ó dì, ó sì ń rìn bó ṣe dì yẹn, díẹ̀díẹ̀, ó ń họ òkúta lára òkè bó ṣe ń lọ, títí yóò fi dé etí òkun. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ yóò ti máa ya, tí yóò máa já sínú omi.

Àwọn ọmọ tó ń kọ́ kò rí yìnyín tó ju èyí tó wà nínú fìríìsà lọ. Nítorí náà, ní àárọ̀ ọjọ́ ẹ̀kọ́ yẹn, àwa méjèèjì á kọ́kọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe áísì blọ́ọ̀kù ní Challenge. A ó ra odindi kan, a ó fi àpò ìdọ̀họ wé e, a ó gbé e lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ó máa ń da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ sórí pákó, á gbé yìnyín lé e, á wá ní kí àwọn ọmọ tì í. Tí wọ́n bá gbé e kúrò, wọ́n á rí ojú ibi tó ti họ pákó. Lọ́dún kan, yìnyín náà yọ́ sórí àga mọ́tò. Mo jókòó sínú omi lọ sí ọ́fíìsì. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di ẹ̀gbẹ́ mú.

"Àwọn ará ọ́fíìsì yín á ní kí ló ṣe yín."

"Wọ́n á ní ogbó ti dé."

"Kó má tíì dé o. A ṣì ń lọ wo odò yìnyín."

Nínú ìwé tí olùkọ́ máa ń kọ ẹ̀kọ́ sí kó tó wọ kíláàsì, ó máa ń fi ìlà díẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń kọ ìbéèrè tí àwọn ọmọ bi í tí kò mọ ìdáhùn rẹ̀ sí. Tó bá di ọdún kejì, á ti wá a rí, á fi biró pupa fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá. Ọ̀kan wà tí kò rí fà. Ọmọ kan ló bi í pé, nígbà tí yìnyín bá ya já sínú omi, báwo ni ohùn rẹ̀ ṣe máa ń rí? Ìwé kan ní ó dà bí àrá. Òmíràn ní ìbọn ni. Kò gbà.

"Ẹni tó kọ ọ́ ò gbọ́ ọ," ló sọ fún mi. "Ìwé ẹlòmíì lòun náà kà. Bí ẹ bá ti fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ ká lọ gbọ́ ọ fúnra wa."

Mo ní màá rò ó wò.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo kó àwọn ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ jọ. Mọ́kànlá ni. Ìbéèrè yẹn wà nínú gbogbo wọn, ó ń kọ ọ́ láti inú ọ̀kan bọ́ sínú èkejì.

Ó yẹ kí n sọ bí èmi náà ṣe mọ̀wé. Mo ti ń lọ sí ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ìjọba sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Tíṣà mi ní kíláàsì kejì kò fi ibì kankan ga jù mí. Níbi ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ti pàdé ìyàwó mi. Òun ló ń kọ́ wa. Ó fi biró pupa tún ìwé mi ṣe nígbà náà, a sì fẹ́ra wa tán, kò dáwọ́ dúró. Bí mo bá kọ ọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì pé mo lọ ra kẹrosíìnì, màá bá àmì pupa lórí rẹ̀ tí mo bá dé.

Iṣẹ́ mi kí n tó fẹ̀yìn tì ni kí n máa ya máàpù ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ ìjọba. Òfin kan wà níbẹ̀ tí a kò fi ṣeré. Pẹ́ńsùlù la máa fi ń ya nǹkan lákọ̀ọ́kọ́. Ojú kejì gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, kí onítọ̀hún fọwọ́ sí igun ìsàlẹ̀, kí ẹni tó yà á tó lè fi íńkì tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ya nǹkan kì í rí àṣìṣe ara rẹ̀. Mo mú òfin yẹn wálé láìmọ̀. Láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra, òun ni ojú kejì mi.

Mo tẹ́ ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì oúnjẹ, mo mú rúlà àti pẹ́ńsùlù.

Àkọ́kọ́ jẹ́ búlúù. Ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dà bí ìgbà tí èèyàn bá dá Kòkó Háúsì dùbúlẹ̀ sórí omi. Odò ìlúwẹ̀ẹ́ wà nínú rẹ̀, ibi ijó wà, oúnjẹ ò sì tán níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Èkejì funfun. Àwọn àgbà tó wà nínú rẹ̀ wọ kóòtù dúdú, àwọn ìyàwó wọn kó góòlù sọ́rùn. Ẹ̀kẹta fẹ́lẹ́, ìwé rẹ̀ ò tilẹ̀ dán. Ọkọ̀ rẹ̀ kéré, nǹkan bí ọgọ́ta èèyàn ló ń gbà.

Máàpù wọn ni mo kọ́kọ́ wò. Ti ìwé búlúù kò ní òṣùwọ̀n tí èèyàn lè fi mọ bí ibì kan ṣe jìn sí èkejì rárá. Ọkọ̀ tí wọ́n yà sí ojú omi tóbi ju erékùṣù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ. Ti funfun ní òṣùwọ̀n, ṣùgbọ́n mo fi pẹ́ńsùlù tẹ̀ lé ìlà ojú ọ̀nà ọkọ̀ náà, mo bá a tó gun orí ilẹ̀ lọ níbì kan. Bí wọ́n bá rìn bí wọ́n ṣe yà á, orí òkè ni wọ́n máa bá ara wọn. Ti ẹ̀kẹta ni òṣùwọ̀n rẹ̀ pé. Wọ́n kọ bí omi ṣe jìn tó sí ojú rẹ̀, wọ́n sì fi àmì sí ibi tí ọkọ̀ yóò ti dúró níwájú yìnyín. Ọ̀rọ̀ kan wà lábẹ́ rẹ̀ pé, tí àwọn bá ti dé ibẹ̀, àwọn yóò pa ẹ́ńjìnnì, àwọn yóò sì bẹ gbogbo èrò kí wọ́n dákẹ́ fún wákàtí kan.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn méjì tó kù. Ìwé búlúù ní orin yóò máa lọ lórí ọkọ̀ bí a bá ṣe ń wo yìnyín.

Mo fi pẹ́ńsùlù fa róbótó yí ẹ̀kẹta ká. Lẹ́yìn náà ni mo wo ọ̀rọ̀ yàrá. Ọkọ̀ náà ò ní yàrá ẹlẹ́nìkan. Ibùsùn méjì ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ń dá bọ̀, yálà kó san owó ibùsùn méjèèjì, tàbí kí wọ́n fi ọkùnrin tí kò mọ̀ rí sí yàrá rẹ̀. Àwọn yòókù ò yàtọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé dé òpin, ẹni méjì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Mo ju pẹ́ńsùlù sílẹ̀. Mo gbójú sókè sí àga ìyàwó mi tó kọjú sí mi, láti béèrè bóyá mo rí i dáadáa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo rò pé mo ti jáwọ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo lọ sí Dùgbẹ̀, sí ọ́fíìsì obìnrin kan tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù. Mo rò pé ẹni tó bá ń ta ìrìn àjò á mọ̀ nípa rẹ̀. Àlàájì kan àti àwọn méjì mìíràn ń dúró de ìwé Mẹ́kà wọn. Mo kó ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síwájú obìnrin náà.

"Ọkọ̀ ojú omi kẹ̀? Bàbá, ẹ̀yin ò gbọ́ pé bàálù ti dé?"

"Mo gbọ́."

"Mo lè gbé yín dé Lọ́ńdọ̀nù. Mo lè gbé yín dé Jerúsálẹ́mù, kẹ́ ẹ di J.P. Èyí, n ò tíì gbọ́ ọ rí."

Àlàájì náà na ọrùn. "Kí ni wọ́n fẹ́ lọ wò níbẹ̀?"

"Yìnyín ni, Àlàájì," obìnrin náà fèsì.

"Yìnyín! Wọn ò ní fìríìjì nílé ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo kó ìwé mi, mo dúpẹ́, mo sọ̀ kalẹ̀.

Láti Dùgbẹ̀, mo lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà kan ní Agbówó, mo pe ọmọ mi. Mo gbọ́ tí ọmọdé ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ-ọmọ mi tí n kò tíì rí nìyẹn.

"Dádì, ẹ mú búlúù. Èèyàn ẹgbẹ̀rún méjì ló ń gbà. Ẹ ò ní dá wà."

"Èèyàn tó wà n'Ìbàdàn ju bẹ́ẹ̀ lọ."

"Dádì!" Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ dẹ̀ má mú kékeré yẹn o. Wọ́n á fi àjèjì sínú yàrá yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í bá ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ sọ̀rọ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Mi ò sọ ọ̀rọ̀ wákàtí ìdákẹ́jẹ́ fún un. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù, kí ẹni tó ń fi aago ka ìṣẹ́jú ìpè mi má gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá kí mi. Àlàájà ni, abọ́ tánńganran ló ń tà. Kò lọ sí ilé ìwé rárá. Ìgbà tí ó yẹ kó lọ, ọjà ni wọ́n mú un lọ. Síbẹ̀, òun ló mú mi lọ́wọ́ dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ ilé ìwé, tí ojú ń tì mí nítorí gíga mi. Ó rí àwọn ìwé náà lórí tábìlì, ó jókòó, ó fi itọ́ tọ́ ìka, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn. Kì í ka ohunkóhun. Àwòrán ló ń wò.

"Tọkọtaya," ó wí. Ó ṣí òmíràn. "Tọkọtaya. Àwọn wọ̀nyí náà, tọkọtaya. Ṣé ibi ìgbéyàwó ni wọ́n ń lọ ni?"

"Ìrìn àjò ni, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ta wá ni ìwọ fẹ́ mú lọ? Mo ti sọ fún ẹ pé obìnrin kan wà ní àdúgbò wa."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo ti dákẹ́." Kò dákẹ́. "Ó mọ ilé tọ́jú. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì á kàn jọ máa dákẹ́ ni."

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo gbé e mì. Ó mú ìwé kẹta. Ó ṣí i lọ, ó ṣí i bọ̀, ó wá dúró lójú ewé kan.

"Ta rèé?"

Ọkùnrin kan ni, ó wọ aṣọ òjò, ó kẹ̀yìn sí wa. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin etí ọkọ̀ mú. Yìnyín wà níwájú rẹ̀ bí ògiri. Mo ti ṣí ewé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Máàpù tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mo rí.

"Bóyá ìyàwó rẹ̀ ló ń yà á ní fọ́tò," mo wí.

"Rárá. Wo ọwọ́ ẹ̀. Ẹni tí ìyàwó ń yà ní fọ́tò ò ní di irin mú báyìí. Ó dá wá ni." Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. "Gbogbo àwọn tó wà nínú ìwé tó kù, ẹni tó ń ya fọ́tò ni wọ́n ń wò. Eléyìí nìkan ló ń wo ohun tó wá wò." Ó gbé e kalẹ̀. "Kí lo fẹ́ lọ wò níbẹ̀ gan-an?"

"Mo fẹ́ lọ gbọ́ nǹkan ni."

"Gbọ́ kẹ̀?"

Mo sọ fún un. Mo mú ọ̀kan nínú ìwé mọ́kànlá náà wá, mo fi ibi tí ìbéèrè náà wà hàn án. Ó fi ìka kan ìlà náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò lè kà á.

"Ìyàwó ẹ nìyẹn," ó wí. "Kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ lọ bẹ́ẹ̀." Ó ti ìwé fẹ́lẹ́ náà sí mi. "Èyí ni tìẹ."

Mo lọ gbé páàdì íńkì jáde nínú dúrọ́ọ̀. Mo ní kí Ẹ̀gbọ́n mi fi àtàǹpàkò tẹ igun ìsàlẹ̀ ìwé náà fún mi.

"Ilẹ̀ wo lo fẹ́ tà lórí mi?"

"Ẹ ṣáà bá mi tẹ̀ ẹ́."

Ó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá fi biró tẹ róbótó tí mo fi pẹ́ńsùlù fà.

Nígbà tó lọ tán, mo kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù. Níbi tí wọ́n ti béèrè ọ̀rọ̀ yàrá, mo kọ ọ́ pé kí wọ́n fi ẹlòmíràn sí i. Ibùsùn kan tó ṣófo wà nílé mi, n kò fẹ́ lọ bá òmíràn lórí omi. Wọ́n fi ìlà mẹ́ta sílẹ̀ pé kí n sọ ohun tó yẹ kí ẹni tí a ó jọ sùn mọ̀ nípa mi. Mo kọ ọ́ pé: Mo máa ń jí ní kùtùkùtù. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. N kì í hanrun. Mo wo èyí tó kẹ́yìn pẹ́. Ta ló sọ fún mi? Ẹni tó lè sọ ọ́ kò sí nílé mọ́. Mo pa á rẹ́.

Ọ̀rọ̀ fisà gba oṣù púpọ̀, n kò ní fi ìyẹn gba àkókò yín. Mo kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ ọmọ mi, mo gbé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, lẹ́yìn náà ni mo lọ wọ ọkọ̀. Ọkùnrin tí wọ́n fi sí yàrá mi dàgbà jù mí lọ. Òyìnbó ni, awakọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, ẹ kú àárọ̀ àti ó dàárọ̀ nìkan ló ń kọjá láàárín wa. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, bó ṣe ń so okùn bàtà rẹ̀, ó ní mo máa ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Ó ní ọ̀rọ̀ náà pọ̀, pé ó dà bíi pé mo ń dá ẹnì kan lóhùn. Mo bi í pé kí ni mo sọ. Ó ní báwo lòun ṣe fẹ́ mọ̀, èdè mi ni mo fi sọ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn la dé iwájú yìnyín. Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì. N kò mọ bí ariwo rẹ̀ ti pọ̀ tó títí tó fi dákẹ́. Àwọn èèyàn dúró létí irin, ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, àwọn ègé yìnyín wẹ́wẹ́ tó ń léfòó lójú omi nìkan ni mo ń gbọ́. Wọ́n ń ta pẹ́pẹ́pẹ́ bí ẹ̀pà tí wọ́n ń fi yanrìn yan. Ó pẹ́ díẹ̀, mo rí i tí ara ògiri náà là. Ègé kan tó tó ilé kúrò lára rẹ̀, ó ń já bọ̀. Kò sí ohùn kankan. Ó ti wọ omi, omi ti dìde, kí ohùn náà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ìwé kankan ò sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyàwó mi. Kì í ṣe àrá, kì í sì í ṣe ìbọn. Ó dà bí ìgbà tí ọkọ̀ tipá bá ń da òkúta sílẹ̀ lẹ́yìn òkè, tí èèyàn ò rí i, tí ilẹ̀ kàn ń gbọ̀n díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó sì pẹ́ kó tó tán láyà.

Mo yíjú sí ọwọ́ òsì. Ẹ̀gbẹ́ yẹn ni ìyàwó mi máa ń dúró sí. Afẹ́fẹ́ tútù ló wà níbẹ̀, àti irin ọkọ̀. Mo di irin náà mú títí wákàtí náà fi pé.

Mo ti padà sí Bódìjà báyìí. Mo ṣí ìwé kọkànlá náà, mo kọ ìdáhùn sí abẹ́ ìbéèrè rẹ̀: ẹ̀pà inú yanrìn, tipá lẹ́yìn òkè, àti pé ojú máa ń rí i kí etí tó gbọ́ ọ. Biró pupa rẹ̀ wà nínú dúrọ́ọ̀, ó ṣì ń kọ. N kò tíì fi í fa ìlà gba orí ìbéèrè náà kọjá. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n mú un wá kí òun tẹ̀ ẹ́, mo ní, "Ẹ ò gbọ́ ọ, ẹ ò lè tẹ èyí." Ìdáhùn náà ṣì wà ní pẹ́ńsùlù.